Ẹ Má Gbé Àga Lé Koríko Mi

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Keje

Ihò keje ni wọ́n fún mi! Ihò mẹ́sàn-án ló wà ní pápá gọ́ọ̀fù yìí, wọ́n wo gbogbo rẹ̀ tán, ìkeje ni wọ́n rí fún èmi. Kò sí èyí tó jìnnà sí ẹ̀rọ omi tó bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tó bá fẹ́ rìn láti ìdí ẹ̀rọ dé ibẹ̀, kó di oúnjẹ dání, kó sì dágbére fún àwọn ará ilé rẹ̀. Òkúta inú ilẹ̀ ibẹ̀ tó kọ́ ilé alájà mẹ́ta ní àdúgbò Adébáyọ̀, yóò sì tún ṣẹ́kù. Ihò kìíní ńkọ́, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹgbẹ́, tí ẹ̀rọ omi wà lẹ́nu rẹ̀? Pẹ̀lúmi ni wọ́n fún. Pẹ̀lúmi, ọmọ ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé ẹgbẹ́. Mi ò sọ nǹkan kan o.

Ẹgbẹ́ fẹ́ sọ gbogbo bíráànù, ojú ilẹ̀ tó yí ihò ká, di gírínì oníkoríko ni. Kí wọ́n tó bí màmá mi ni àwọn mẹ́ńbà ti ń ti bọ́ọ̀lù sínú ihò lórí yanrìn dúdú tí wọ́n fi ọ́ìlì ọkọ̀ àlòkù pò. Kò dun ẹnikẹ́ni. Ní báyìí tí àwọn àlejò ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ àti Ìbàdàn nínú oṣù kẹsàn-án, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti gbogbo wọn, wọ́n ní koríko ni àwọn fẹ́. Ta ló máa gbìn ín? Àwa kádì náà ni. Àwa tí à ń ru báàgì wọn kiri nínú oòrùn.

Akọ̀wé, Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀kúnlé, gun orí àga lọ bí ẹni tó ń du ipò gómìnà:

"Kádì tí gírínì rẹ̀ bá dára jù, òun náà máa bá àwọn mẹ́ńbà gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ ìṣíde. A máa pe orúkọ rẹ̀ bí a ṣe ń pe orúkọ ọ̀gá!"

Kádì kankan ò gbá ìdíje rí ní pápá yìí. Ọjọ́ Ajé nìkan ni tiwa, nígbà tí àwọn ọ̀gá bá ti padà sí ọ́fíìsì, ọ̀pá tó ti ṣẹ́ tí a fi téèpù dì la sì fi ń gbá a. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, gbogbo irun orí mi dìde, tó fi mọ́ èyí tí wọ́n ti dì. Mo ti rí ara mi: fìlà funfun, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ òsì, ẹnì kan sì ń ké e sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé Dùnmínínú! Kì í ṣe "ìwọ ọmọ yìí".

Tí ihò keje bá máa pa mí, kó pa mí. Èmi ni mo máa gbá bọ́ọ̀lù yẹn.

Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Keje

Yanrìn olọ́ìlì ni mo ń kó láti àárọ̀. Ẹ̀yìn mi ti pín sí mẹ́rin. Ọláwálé, tí wọ́n fún ní ìkẹjọ, tí èmi àtiẹ̀ sì jọ ń ran ara wa lọ́wọ́, ní òun ò rí ọmọbìnrin tó ń fi ṣọ́bìrì bínú báyìí rí. Mo ní kó sọ iye ìgbà tó ti jókòó láti àárọ̀. Ó dìde, ó mú ṣọ́bìrì tirẹ̀.

Mo délé, màmá mi yọ gíláàsì ojú. Tíṣà ni, tó bá ti yọ gíláàsì, ẹjọ́ ti dé nìyẹn.

"Dùnmínínú, ṣé mo rán ọ lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ni?"

"Gọ́ọ̀fù ni, Mà."

"Gọ́ọ̀fù wo ló ń rùn bí abẹ́ tírélà?"

Ọṣẹ ìfọṣọ ni mo fi wẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí awọ ara mi bá a lọ.

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Keje

Koríko dé. Ẹ gbà mí! Ṣé nǹkan tí wọ́n ń pè ní koríko òyìnbó nìyẹn? Gbòǹgbò gbígbẹ inú àpò, bí irun àtọwọ́dá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú lórí. Mo ní ó ti kú. Bàbá Ìjan, olórí àwọn agékoríko, tó ń gun ọ̀kadà wá láti Ìjan láràárọ̀, ní kò kú, ó ń sùn ni.

"Bàbá, oorun yìí ti wọra jù."

"Ìwọ ṣáà rì í mọ́lẹ̀. Uṣẹ́ rẹ nìyẹn. Jíjí rẹ̀ ò kàn ọ́."

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó kó gbogbo wa jọ, ó ṣí fìlà, ó gbàdúrà fún koríko. Ó ní kí Ọlọ́run lé ewúrẹ́ jìnnà, kó lé kòkòrò jìnnà, kó sì lé mẹ́ńbà tí kì í wo ilẹ̀ tó bá ń rìn jìnnà. Àmín tí mo ṣe sí èyí tó kẹ́yìn, wọ́n gbọ́ ọ ní Ìkẹ́rẹ́.

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti gbìn ín tán. Orúnkún mi ti rí bí ti ràkúnmí.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Keje

Ó HÙ! Ó jí! Ewé mẹ́ta, mo rí wọn. Ọláwálé ní koríko ojú ọ̀nà ni. Ìlara ni.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Keje

Mo kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó ṣe ìfilọ̀ tán, mo ní kí n yà wò ó kí n tó lọ jẹun. Ewúrẹ́! Agbo ewúrẹ́ odindi lórí ihò keje, wọ́n ń jẹun tìfàájìtìfàájì bí ẹni tí wọ́n pè síbi ìgbéyàwó. Mo ké. Wọ́n wò mí, wọ́n ń jẹ lọ. Ewúrẹ́ wọ̀nyẹn ò ní ẹni tó ni wọ́n rárá, títí tí mo fi ju bàtà gíga mi lu ọ̀kan. Lójú ẹsẹ̀, obìnrin mẹ́ta yọ jáde lẹ́yìn ilé:

"Ìwọ ọmọ yìí! Kí ni ewúrẹ́ mi ṣe fún ọ?"

"Ó jẹ gírínì mi ni, Mà!"

"Gírínì kí ni? Koríko kọ́ ni? Kí lo fẹ́ kí ewúrẹ́ máa jẹ, ìrẹsì?"

Ìdajì ti lọ. Mo jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun. Nígbà tí mo délé, màmá mi tún yọ gíláàsì.

Lọ́la màá fi ẹ̀gún yí i ká. Ewúrẹ́ tó bá tún dé ibẹ̀, kí ó mú èèyàn rẹ̀ dání.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Oṣù Kẹjọ

Òjò ti dáwọ́ dúró pátápátá. Oòrùn yìí lè fi ilẹ̀ yan ẹyin. Ẹ̀rọ omi ò gbé gbogbo wa mọ́, ẹgbẹ́ ń ra omi táńkà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ihò kìíní ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá fi máa dé ìkarùn-ún, ó ti gbẹ. Mo lọ bá Akọ̀wé ní ọ́fíìsì rẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ sí i létí.

"Sà, omi ò dé ọ̀dọ̀ wa."

"Ọ̀dọ̀ ta ni?"

"Ihò keje, Sà."

"Ihò wo ni àwọn àlejò máa kọ́kọ́ rí, ìkeje àbí ìkíní?"

"Sà, wọn ò lè fo ìkeje."

"Ó ti tó. O ti ń dáhùn jù."

Mo ń dáhùn jù! Ẹni tó bá bi èèyàn ní ìbéèrè, kí ni kí èèyàn ṣe fún un, kó jó? Kẹ́ẹ̀gì ni mo fi ń gbé omi lórí láti ibi odò kékeré ìsàlẹ̀ pápá. Omi tí mo ti gbé lónìí nìkan, tí wọ́n bá dà á sí odò Ùrèjé, ó máa bo afárá. Ọrùn mi ti wọ inú àyà. Tí ẹnikẹ́ni bá pè mí, gbogbo ara ni mo fi ń yíjú.

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ

Èsì WAEC jáde. Mo gba B3 ní ìṣirò. Màmá mi jó láti pálọ̀ dé ilé ìdáná, lẹ́yìn náà ó dúró lójijì: "Àbí koríko lo máa lọ kà ní yunifásítì?" Mo ti wá a lórí fóònù, wọ́n ń kà á lóòótọ́. Mi ò tíì sọ fún un. Kó jó tán ná.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kẹjọ

Koríko mi ti ń pọ́n létí. Mo gbé omi títí, ilẹ̀ ń mu ún bí ọ̀mùtí. Lónìí mo lọ dúró sí géètì, mo kọ́wọ́ sẹ́yìn, mo ṣe bí ẹni tí wọ́n rán. Táńkà dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o. Ìparí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ìkẹsàn-án, ìkẹjọ, ìkeje, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi ni mo ni pápá ni?"

Òun náà wò ó pé èmi kọ́ ni mo ni ín. Ó yí ọkọ̀. Ihò keje mu omi títí ó fi ń ṣe hùhù. Mo dúró nínú ẹ̀ pẹ̀lú bàtà, mi ò bìkítà. Nígbà tí táńkà fi dé ìkíní, ẹ̀kán mẹ́ta ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Pẹ̀lúmi sáré wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Akọ̀wé mọ̀ ọ́n kí oòrùn tó wọ̀. Ó ní mi ò gbọdọ̀ ru báàgì ẹnikẹ́ni fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ó dáa. Ṣùgbọ́n omi tó ti wọlẹ̀, kó fà á jáde ká rí i.

Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kẹjọ

Àpò ìgbẹ́ adìẹ kan ti di ẹgbẹ̀rún kan àtààbọ̀ náírà! Ìgbẹ́! Láìpẹ́ wọ́n máa wọn afẹ́fẹ́ fún wa ní kóńgò.

Bàbá Ìjan ní èyí tó ti pẹ́, tí kò rùn mọ́, ni kí a fi ṣe ajílẹ̀, pé tútù máa ń jó koríko. Ọláwálé ò gbọ́. Ó rí tútù lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé adìẹ ojú ọ̀nà Ìjan, ó kó o wá, ó dà á sórí ìkẹjọ tayọ̀tayọ̀. Lónìí ojú ibẹ̀ dà bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù jó. Kò sunkún, ṣùgbọ́n ó ṣí fìlà bí ẹni tó wà níbi ìsìnkú.

"Dùnmínínú, ìwọ nìkan ló kù fún wa o," ló sọ. "Tí ìwọ náà bá jẹ́ kí Pẹ̀lúmi gbá bọ́ọ̀lù yẹn, mi ò ní bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́."

Ṣé èmi ló yẹ kó máa halẹ̀ mọ́?

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án

Mo borí gbogbo wọn!

Kápútéènì ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló wá yẹ gírínì wò. Màámà Olúfúnṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Mátírọ̀ọ̀nù ni gbogbo ayé ń pè é, torí ó ṣe mátírọ̀ọ̀nù ní ọsibítù pẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì tíì fẹ̀yìn tì lójú. Kò mú rúlà, kò mú ìwé. Ó bọ́ bàtà. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn lórí gbogbo wọn, Akọ̀wé ń gbé bàtà tẹ̀lé e.

Ní ìkíní ó ní, "Ó dáa." Ní ìkẹta ó ní, "Hùn." Ní ìkeje ńkọ́? Ó dúró sáàárín rẹ̀, ó di ojú. Mo rò pé ó ti sùn. Ọkàn mi ń lù débi pé àwọn ẹyẹ ń fò lọ.

"Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni, Mà."

"Orúkọ?"

"Dùnmínínú, Mà."

"Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́."

Bírò Akọ̀wé kọ̀, kò kọ. Ó gbọ̀n ọ́n, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i. Mátírọ̀ọ̀nù na tirẹ̀ sí i láìwo ojú rẹ̀. Ọláwálé gbé mi sókè, ó sì jù mí sílẹ̀, torí kò lágbára.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo bẹ Bàbá Ìjan kó jẹ́ kí n ti bọ́ọ̀lù kan lórí rẹ̀. Ẹyọ kan péré. Mo kúnlẹ̀. Ó ní rárá, bọ́ọ̀lù ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kan gírínì kankan títí di ọjọ́ ìṣíde. Èmi tí mo gbìn ín! Ó ní tí mo bá gbin ẹ̀gẹ́, ṣé ọjọ́ tó hù ni màá wú u?

Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Bírò mi ti ya ìwé yìí níbi méjì.

Mo dé ìkeje láàárọ̀ láti gé etí rẹ̀, mo bá ọkùnrin mẹ́ta pẹ̀lú hámà. Wọ́n ń kan irin kánópì mọ́ gírínì mi! Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin! Irin tó nípọn tó apá mi!

"Ẹ dúró! Kí lẹ ń ṣe?"

"Àǹtí, iṣẹ́ là ń ṣe."

Akọ̀wé ń wọn ilẹ̀ pẹ̀lú téèpù, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ibí ni háì tébù máa wà," ó ní.

"Sà, gírínì ni!"

"Mo rí i pé ó tutù. Ìdí tí mo fi mú un nìyẹn. Ṣé orí òkúta ni kí n gbé Bíṣọ́ọ̀bù àti àwọn àlejò sí?"

"Sà, níbo ni wọ́n máa ti gbá ihò keje?"

"Wọn ò ní gbá a. Ẹni tó bá ti dé ibí, a máa ka mẹ́rin fún un bí ẹni pé ó ti gbá a, kó kọjá lọ sí ìkẹjọ. Mo ti rò ó."

Ó ti rò ó! Ó fi orí ara rẹ̀ rò ó! Ṣé bí a ṣe máa ń ṣe gbogbo nǹkan nìyí? Ibi tó bá ti dára, tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, a ò ní bèèrè ohun tí wọ́n ṣe é fún. Àga ni a máa gbé síbẹ̀, a ó fi àwọn ènìyàn pàtàkì jókòó, a ó tẹ́ aṣọ pupa sí i. Lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde wa, iwájú ibi ìkàwé tuntun ni wọ́n dá iná àsè sí torí pé síménì ibẹ̀ mọ́. Títí di òní, ibẹ̀ dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Àga ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa gbé wá lọ́sàn-án ọ̀la. Ẹsẹ̀ irínwó nìyẹn. Mi ò tíì ka bàtà onígìgísẹ̀ àwọn ìyàwó ọ̀gá.

Mo pe Mátírọ̀ọ̀nù títí. Ó ti lọ pàdé àwọn àlejò ní Ìbàdàn, fóònù rẹ̀ ò lọ. Bàbá Ìjan wo irin yẹn, ó mi orí, ó lọ jókòó. "Ọmọ mi, uṣẹ́ tiwa ti tán," ó ní. "Àwọn ló ni ín."

Àwọn ló ni ín kẹ̀? Níbo ni wọ́n wà nígbà ewúrẹ́?

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ṣe é. Mi ò ní purọ́ nínú ìwé ara mi.

Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ báyìí, èmi àti Ọláwálé ti wà ní ilé adìẹ ojú ọ̀nà Ìjan. Ìgbẹ́ tútù ni a bèèrè. Ọkùnrin ibẹ̀ bi wá lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá wa lójú. Ó dá wa lójú. Ọlọ́kadà mẹ́rin sá fún wa. Ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún gbà á, ṣùgbọ́n owó ìlọ́po méjì ló gbà, ó sì fi áńkáṣíìfù dí imú bí olè.

A yí gírínì ká. Ìta rẹ̀ nìkan, níbi tí atẹ́gùn ti ń wá. Mo fi ìgbálẹ̀ gbá etí rẹ̀ kí ẹyọ kan má baà kan koríko mi, torí ohun tó ṣe ìkẹjọ. Nígbà tí oòrùn yọ sí i dáadáa, òórùn ọ̀hún dìde, ó nà tàntàn. Ẹyẹ tó ń fò bọ̀ yí ọ̀nà padà lójú mi. Ó dá mi lójú pé àwọn ará Ìjan ń bi ara wọn pé kí ló kú.

Àwọn elékánópì kó àga dé. Ẹni àkọ́kọ́ sọ ti orí rẹ̀ kalẹ̀.

"Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, àwa ò ṣe."

"Ẹ gbé e síbẹ̀!" Akọ̀wé pariwo, ṣùgbọ́n láti òkèèrè ni.

"Ẹ wá jókòó síbẹ̀ ná, Sà, kí a wò ó."

Kò jókòó. Wọ́n tú irin, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ẹgbẹ́. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn igi, mo ń jó láìgbé ẹsẹ̀.

Ijó yẹn ò pẹ́. Akọ̀wé bá mi níbi tí mo ti ń fi ṣíbí àti yanrìn dí ojú irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Na ọwọ́ rẹ."

Ó gbóòórùn rẹ̀ bí ajá kọ́sítọ́ọ̀mù. Mo ti fi Dẹ́tọ́ọ̀lù fọ̀ ọ́, mo ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Ó mú ìwé orúkọ jáde, ó sì fi bírò pupa fa ìlà gba orí tèmi. Bírò yẹn kọ dáadáa o, kò kọ̀ rárá.

"O ò gbá bọ́ọ̀lù. O ò ru báàgì. Má jẹ́ kí n rí ọ ní pápá yìí lọ́la. Pẹ̀lúmi ló máa gbá a."

Mi ò sunkún. Atẹ́gùn ló fẹ́ ìgbẹ́ adìẹ sí mi lójú.

Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ. Ó ní òun ò gbọdọ̀ rí mi ní pápá. Ìta géètì kì í ṣe pápá. Mo di ọ̀pá géètì mú, mo ń wò wọ́n.

Ọkọ̀ ń dé, bọ́ọ̀tù ń ṣí, báàgì ń jáde. Ní ọjọ́ mìíràn, àwa kádì máa ń jà lórí báàgì bí ẹni tó ń jà lórí ẹran. Lónìí, kò sẹ́ni tó dìde. Gbogbo wọn jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, Ọláwálé wà níwájú, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ọkùnrin kan láti Ìbàdàn, tí báàgì rẹ̀ tó fíríìjì, gbìyànjú láti gbé e, ó tún gbé e kalẹ̀, ó wo yíká.

"Ẹ dìde!" Akọ̀wé ní.

"Sà, ẹsẹ̀ ń dùn wá," Ọláwálé ní.

"Gbogbo yín?"

"Ó ń ràn ni, Sà."

"Ṣé torí ọmọ tó da ìgbẹ́ sí pápá lẹ fi ń dójú tì mí? Pẹ̀lúmi, dìde, ìwọ mú ọ̀pá, a fẹ́ bẹ̀rẹ̀!"

Pẹ̀lúmi dìde. Mo ní, hẹn, ó parí. Ó ṣí fìlà funfun tí wọ́n fún un, ó gbé e lé ọwọ́ Akọ̀wé.

"Ọ́ńkù, ẹ máa bínú. Ẹsẹ̀ ń dun èmi náà."

Ó sì lọ jókòó ti Ọláwálé. Pẹ̀lúmi o! Pẹ̀lúmi tí mo ti bú láti oṣù keje! Inú tún bí mi sí i pé kò jẹ́ kí n rí ẹni tí màá kórìíra pátápátá.

Ìgbà yẹn ni Mátírọ̀ọ̀nù dé, ó ti gbọ́ ariwo láti inú ọkọ̀.

"Kí ló dé?"

"Mà, ọmọ tí ẹ yàn yẹn ló da ìgbẹ́ adìẹ yí ihò keje ká, a ò rí kánópì gbé síbẹ̀!"

"Kánópì ń wá kí ni lórí gírínì?"

Akọ̀wé fi fìlà funfun ọwọ́ rẹ̀ nu òógùn.

"Mo ní kánópì ń wá kí ni? Tí mo bá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tán fún aláìsàn, ṣé àbúrò yín lẹ máa gbé lé e lórí pé ó mọ́?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lábẹ́ igi. Mátírọ̀ọ̀nù yíjú sí géètì. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn ọ̀pá géètì.

"Ìwọ. Tí a bá gbá bọ́ọ̀lù tán, ọwọ́ rẹ ni wàá fi kó gbogbo ìgbẹ́ yẹn kúrò."

"Ẹ ṣé, Mà."

"Mi ò yìn ọ́. Wọlé wá, wá mú ọ̀pá."

Gbogbo ẹsẹ̀ san lẹ́ẹ̀kan náà. Akọ̀wé ló pe orúkọ mi sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó pè é bí ẹni tó ń gbé oògùn kíkorò mì, ṣùgbọ́n ó pè é tán, látorí dé ìdí. Mo ní kó tún un pè, pé mi ò gbọ́. Mátírọ̀ọ̀nù ní kí n má dán an wò.

Ọláwálé ló ru báàgì mi. Báàgì mi! Mátírọ̀ọ̀nù ló yá mi ní ọ̀pá, tó fi mọ́ pọ́tà tí wọ́n fi ń ti bọ́ọ̀lù sínú ihò, tó ń dán bí dígí, a sì jọ gbá a, èmi, òun àti ọ̀gá onífíríìjì. Bọ́ọ̀lù tí mo kọ́kọ́ gbá fò títí mo fi bẹ̀rù pé ó máa fọ́ gíláàsì ẹnì kan ní Àkúrẹ́.

Wàhálà dé nígbà tí a dórí gírínì. Lórí bíráànù, irin gígùn la fi máa ń wọ́ yanrìn kó tẹ́, o ti bọ́ọ̀lù, ó lọ tààrà bí okùn. Àṣé koríko ò mọ tààrà! O tì í sí ibí, ó lọ sí ọ̀hún. Ní ìkíní mo ní Pẹ̀lúmi ni kò tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ní ìkẹrin mo ní bọ́ọ̀lù Mátírọ̀ọ̀nù ni kò dọ́gba. Mo ń sọ fún Ọláwálé pé kó fara balẹ̀, kí a dé ìkeje, tèmi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi.

A dé ìkeje. Mo gbá a láti òkèèrè, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó balẹ̀ sórí gírínì mi pì! Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo rí ibi tó gún lójú koríko, ó dùn mí bí ẹni pé èmi ló gún. Mo dúró sí i, mo fojú bá ihò sọ̀rọ̀, mo tì í. Ó lọ dáadáa. Ó tún lọ. Ó yí ọrùn lẹ́bàá ihò, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí ìgbẹ́ wà. Mo tì í padà. Ó kọjá. Mo tún tì í. Ó kúrú. Nígbà tó fi wọlé, mi ò lè ka iye rẹ̀ mọ́, Ọláwálé ló kà á, mo sì ní kó má sọ ọ́ sókè.

"Gírínì yìí le o," ọ̀gá onífíríìjì ní. "Ìkà wo ló ṣe é?"

Mo wo ojú ọ̀run.

"Òun nìyí," Mátírọ̀ọ̀nù ní, ó nawọ́ sí mi. Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọ̀pá àsíá mú.

Èmi ni mo ṣe ipò kejì láti ìsàlẹ̀. Ta ló wà nísàlẹ̀ mi? Akọ̀wé! Kí wọ́n kọ ìyẹn náà sí ibi tí bírò pupa wà.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo fi kó ìgbẹ́. Ọláwálé kó, Pẹ̀lúmi pàápàá kó, ó ń bì ó ń kó. Ṣùgbọ́n èyí tó ń dùn mí jù kì í ṣe ìgbẹ́. Koríko yẹn! Mo fi orí gbé omi fún un. Mo ju bàtà ṣọ́ọ̀ṣì mi nítorí rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá Bíṣọ́ọ̀bù jà nítorí ibi ìjókòó. Gbogbo ẹni tó gbá a lónìí ló sàn fún jù mí lọ, èmi nìkan ló dójú tì, níwájú àwọn ará Ìbàdàn!

Ọjọ́ Àìkú, 21 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò rọ̀ láàárọ̀. Kó máa rọ̀. Èmi àti koríko yẹn ò ní nǹkan kan í sọ fún ara wa mọ́. Kí òjò bomi rin ín, kí Akọ̀wé gé e, kí ewúrẹ́ jẹ ẹ́. Mi ò lọ wò ó.

Irọ́ ni. Mo lọ. Orí ìkeje ni mo ti ń ti bọ́ọ̀lù láti àárọ̀, pọ́tà Mátírọ̀ọ̀nù ṣì wà lọ́wọ́ mi, màmá mi sì jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó di àyè mi mú.